Ìdíje 0 A.D. ní Òṣogbo: adíje 16, ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó ṣú

Akin Òkè-Fìà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Àwa tí a ń gbá géèmù 0 A.D. ní Òṣogbo fẹ́ fi Sátidé kan pàdé lójúkojú, ká díje, ká mọ ẹni tó mọ ogun jà jù. Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ géèmù náà rí: Wildfire Games ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Ìlú lèèyàn máa ń tẹ̀ dó nínú rẹ̀, á kó oúnjẹ, igi, òkúta àti irin jọ, á kọ́ ọmọ ogun, á sì lọ ká ọ̀tá mọ́lé. Ìdí tí a fi mú un ni pé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì bí àwọn kọ̀ǹpútà bá ti so pọ̀ mọ́ra nínú yàrá kan. Ti StarCraft II kò rí bẹ́ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ wọ Battle.net kí ẹni méjì tó lè jọ jà.

Ohun tó wà nílẹ̀: adíje 16, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò jìnnà sí oríta Ọláìyá, àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì 8 tó wà níbẹ̀. Àwọn kan ń bọ̀ láti Ẹdẹ, Ìlọbù, Ìkìrun àti Iléṣà, wọn ò sì ní sùn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa to ìjà náà? Wáyà ńkọ́? Iná ńkọ́? Òfin wo ló yẹ ká kọ sílẹ̀ ṣáájú?

Oníṣirò Ìgbọ̀nà

Akin, àkókò ni kí o kọ́kọ́ ṣírò, nítorí òun ló máa ń ba irú ìdíje báyìí jẹ́ jù. Ìjà ẹni méjì láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gba bí ìṣẹ́jú 20 sí 35, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ onísùúrù, ó lè lé ní wákàtí kan. Fi ìṣẹ́jú 45 ṣe gbèdéke, kí o fi 5 kún un fún ìjókòó àti àyẹ̀wò. Ìjókòó kan jẹ́ ìṣẹ́jú 50 nìyẹn.

Pín àwọn 16 sí ọ̀wọ́ 4, ẹni 4 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Má jẹ́ kí gbogbo wọn bá ara wọn jà tán. Yàtọ̀ sí pé ìjà 24 nìyẹn, ẹni tí kò ní ìrètí mọ́ lè fi ìjà ìkẹyìn ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ṣe é báyìí: ẹni 2 kojú ẹni 2. Àwọn tó borí kojú ara wọn, ẹni tó bá tún borí ti wọlé. Àwọn tó pàdánù náà kojú ara wọn, ẹni tó bá tún pàdánù ti jáde. Ẹni tó pàdánù nínú ìjà àwọn aborí á wá kojú ẹni tó là nínú ìjà àwọn tó pàdánù, kí a fi mọ ẹni kejì tó wọlé. Ìjà 5 ni fún ọ̀wọ́ kan, 20 fún ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìtumọ̀.

Bí o bá lo kọ̀ǹpútà 8 yẹn nìkan, ìjà 4 ló lè wáyé lẹ́ẹ̀kan. Má parí ọ̀wọ́ A àti B kí o tó bẹ̀rẹ̀ C àti D, ìjókòó 6 ni yóò gbà. Jẹ́ kí A àti B bẹ̀rẹ̀, kí C àti D tẹ̀lé e, kí A àti B padà, kí C àti D padà, kí ìjà ìkẹyìn ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá wáyé papọ̀. Ìjókòó 5 péré, àwọn adíje á sì rí ìsinmi láàárín. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú 250 ni. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ní 9:15, ó di 1:25 kí ọ̀wọ́ tó parí. Fi wákàtí kan jẹun, fi ìyókù kún un, aago mẹ́jọ alẹ́ lo máa parí. Ará Iléṣà kò ní dúró dè ọ́.

Ní kí oníkálukú gbé láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá. Kọ̀ǹpútà 16, ìjà 8 lẹ́ẹ̀kan, ọ̀wọ́ parí nínú ìjókòó 3, ìyẹn 11:45. Kí ẹni 8 tó kù jà lẹ́ẹ̀kan péré, 12:00 sí 12:50. Oúnjẹ àti ìrun àílà di 1:50. Ẹni 4 tó kù, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì, ó pẹ́ tán 4:05. Àlàásárì. Àṣekágbá bẹ̀rẹ̀ ní 4:20, bí ó bá tiẹ̀ wọ ìjà kẹta, 6:35 ti parí. Ìjà ipò kẹta á máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì mìíràn. Kọ̀ǹpútà 8 tó wà nílẹ̀ yẹn, fi wọ́n ṣe àpamọ́.

Ọmọ Òbòkun

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò ní rọrùn jù bí ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan bá kàn máa lọ sílé? Ìjà 15 péré ni.

Oníṣirò Ìgbọ̀nà

Ó rọrùn fún olùṣètò, àmọ́ ìwọ tó o wọkọ̀ láti Iléṣà lè jókòó ní 9:15 kí o sì ti jáde ní 9:40. O ò ní padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, o sì máa sọ fún ẹlòmíì. Nínú ètò ọ̀wọ́, ẹni tó kéré jù á jà lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan tó kù: ẹ yọ àwọn 4 tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọwọ́ wọn le jù, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀wọ́ kan. Àwọn 12 yòókù, ẹ fi ìwé pélébé ṣẹ́ kèké ní gbangba, lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá rí kèké rẹ̀ kò ní sọ pé wọ́n ṣe ojúsàájú.

Wáyà Tààrà

Wáyà ni kí ẹ lò. Ẹ gbàgbé Wi-Fi. Láàpútọ́ọ̀pù 16 pẹ̀lú fóònù gbogbo àwọn òǹwòran nínú yàrá kan á máa gba ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí àṣẹ ẹnì kan bá sì pẹ́ dé, ẹni tó ń bá a jà náà á dúró dè é.

Ẹ wá switch alójú 24, àpótí tó ń so wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà pọ̀. Èyí tó ń gbé 100 Mbps tó, nítorí àṣẹ nìkan ni géèmù yìí ń fi ránṣẹ́, kì í fi àwòrán ránṣẹ́. Wáyà Cat5e: tábìlì tó wà nítòsí gba bíi mítà 3, èyí tó jìnnà gba 10, ẹ ra mítà 120, yóò tó fún adíje 16 àti kọ̀ǹpútà pírójẹ́kítọ̀, yóò sì ṣẹ́kù. Orí RJ45, ìyẹn ike tí a ń fi sí orí wáyà, tí ẹ nílò jẹ́ 34, ẹ ra 50, torí àwọn kan á bàjẹ́ lábẹ́ ẹ̀mú. Ẹ to àwọ̀ rẹ̀ báyìí lórí méjèèjì: funfun-àwọ̀-ọsàn, ọsàn, funfun-àwọ̀-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ má fi ojú ṣírò rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò wáyà dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nílé.

Láàpútọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ ìgbàlódé kì í ní ojú wáyà mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ adíje kọ̀ọ̀kan nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ wá wá ohun tó ń sọ ojú USB di ojú wáyà. Mẹ́fà ó kéré tán. Àwọn kan lára wọn kì í ṣiṣẹ́ títí Windows á fi wá driver wọn (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ wọ́n lò) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ kò ní sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ẹ wá driver náà sórí fúláàṣì ṣáájú.

Ohun kan tó lè pa gbogbo yàrá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kí ẹnì kan fi orí méjèèjì wáyà kan sínú switch kan náà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wáyà bá pọ̀ nílẹ̀ tí ẹnì kan sì rò pé òun ń ran yín lọ́wọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà sí orí wáyà méjèèjì, kí ẹnì kan ṣoṣo sì ní àṣẹ láti fọwọ́ kan switch náà.

Akin Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n. Àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń mọ ara wọn, ńkọ́? Ṣé kí n máa tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fúnra mi?

Wáyà Tààrà

Rárá. Ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni, má ṣí ètò inú rẹ̀. Wá router àtijọ́ kan, èyí tí kò ní síìmù nínú, fi wáyà so ó mọ́ switch, òun ló máa pín àdírẹ́sì fún gbogbo wọn. Bí o bá rí ẹ̀rọ tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, wáyà rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ router nìyẹn. Orí RJ45 ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Nínú géèmù, ẹnì kan á yan Host Game kí ìjà náà wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, èkejì á yan Join Game, á sì tẹ àdírẹ́sì ẹni àkọ́kọ́. UDP 20595 ni ojú ọ̀nà rẹ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ máa ń há sí ni ògiri ààbò Windows. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, Windows máa ń kà á sí ti gbangba, á sì dí ọ̀nà. Nígbà tí ó bá béèrè ní ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n fi àmì sí Private àti Public méjèèjì. Bí ẹnì kan bá ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ó lọ sí ètò ògiri ààbò, kí ó wá pyrogenesis.exe, kí ó fún un láyè. Orúkọ tí ẹ̀rọ mọ̀ 0 A.D. mọ́ nìyẹn, ẹni tó bá ń wá "0 A.D." níbẹ̀ lè má rí i.

Ta ló yẹ kó ṣe Host? Ẹni tí bátìrì rẹ̀ le jù nínú àwọn méjèèjì. Bí ẹni tó darapọ̀ bá já, ó lè padà wọlé sínú ìjà tó ń lọ. Bí Host bá já, ìjà náà ti parí. Kò sí àǹfààní mìíràn nínú Host lórí wáyà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn jà.

Ìyá Jẹnẹrétọ̀

Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀yin ọmọ. Láàpútọ́ọ̀pù 16, ṣájà wátì 65 lọ́kọ̀ọ̀kan, 1040. Pírójẹ́kítọ̀ 300. Fáànù 4, 240. Ẹ̀rọ ohùn 150. Switch àti router 30. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wátì 1760. Ìyẹn kọjá agbára jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "I pass my neighbour". Ẹ wá 3.5 kVA, tí agbára tó ń gbé láìdúró sún mọ́ wátì 2800. Ẹrù yín á wà ní bí ìdá 63 nínú 100, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láìlàágùn. Ó lè mu lítà kan àti díẹ̀ ní wákàtí kan, nítorí náà ẹ gbé lítà epo 20 sílẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ gbé e síta, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ má gbé èéfín rẹ̀ wọlé. Èéfín náà ń pa ènìyàn.

Kódà bí iná ìjọba bá wà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ wá gbọ́ eléyìí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í rò ó: bí iná bá lọ, láàpútọ́ọ̀pù kò ní kú, bátìrì wà nínú rẹ̀. Switch ni yóò kú. Láàárín ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń yí iná sí jẹnẹrétọ̀, gbogbo ìjà mẹ́jọ á já lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kankan kò kú. UPS 650 VA kan, àpótí bátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ, ni kí ẹ rà, kí ẹ fi switch àti router nìkan sínú rẹ̀. Ẹrù wátì 30 kò tó nǹkan lára rẹ̀, ó lè gbé e títí ẹ fi máa yí iná sí jẹnẹrétọ̀ tán bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì dára. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣájà fóònù sí i.

Èyí tún gba kí gbogbo adíje dé pẹ̀lú bátìrì tó kún. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú pátá, tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ń gbé orí iná nìkan, kí ó sọ ọ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ fún un ní ọ̀kan lára kọ̀ǹpútà yàrá náà pẹ̀lú UPS tirẹ̀.

Ekisitẹ́nṣàn: ẹ má so ọ̀kan mọ́ òmíràn. Láàpútọ́ọ̀pù 4 lórí ọ̀kan, kí ó lọ tààrà sí ògiri. Ẹ fi ọwọ́ kan orí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Èyí tó bá gbóná, ẹ yọ ọ́. Ẹni tó ń ta ohun mímu tútù náà á wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun so fíríísà mọ́ iná yín. Ẹ bá a ra yìnyín. Nígbà tí ẹ̀rọ fíríísà bá gbéra, ó máa ń fa iná tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lọ, iná á sì rẹlẹ̀ fún gbogbo yín.

Ẹ bu epo ní àkókò oúnjẹ, kí jẹnẹrétọ̀ ti kú, kí ó sì ti tutù díẹ̀.

Akin Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun mà. Ọ̀rọ̀ switch yẹn kò sí lọ́kàn mi rárá.

Kúṣì

Ohun tí kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ yín ni kọ̀ǹpútà tó lọ́ra. Bí géèmù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìṣirò gbogbo ogun náà fúnra rẹ̀, wọ́n á sì máa dúró de ara wọn. Èyí tó lọ́ra jù ló ń pinnu bí àwọn yòókù ṣe máa yára tó. Ẹni tó ra ẹ̀rọ olówó ńlá á jókòó síbẹ̀ kí ọmọ ogun rẹ̀ máa rìn bí ẹni tó wọ ẹrẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ẹni kejì. Láti ìṣẹ́jú 15 lọ sókè, nígbà tí ènìyàn bá ti pọ̀ ní ìlú méjèèjì, lẹ máa rí i.

Nítorí náà ẹ fi iye ènìyàn sí 150 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí àwòrán ilẹ̀ jẹ́ Small. Ẹ dín ẹwà kù nínú ètò: òjìji kúrò, ìtànṣán omi kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ fi fáìlì àtúnwò (ìjà tí géèmù ti gbà sílẹ̀) ti ìjà kan tó gùn, tó lé ní ìṣẹ́jú 30, ránṣẹ́ sí gbogbo adíje, kí wọ́n ṣí i lórí ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n sáré lọ sí ìparí. Ẹ̀rọ tó bá ń kọ́sẹ̀ níbẹ̀ á kọ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni náà á lo kọ̀ǹpútà yàrá, bí ìyẹn bá dára ju tirẹ̀ lọ.

Ooru náà wà ńbẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tó bá gbóná á dín ìyára ara rẹ̀ kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tirẹ̀ lé aṣọ tábìlì, ẹ sì dojú fáànù kọ àwọn ẹ̀rọ, àwọn òǹwòran lè jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé.

Ẹ̀yà géèmù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní lè wọ inú ìjà kan náà. Ó lé ní gígábáìtì kan, ẹ má sọ pé kí wọ́n wá gbà á níbẹ̀. Fúláàṣì mẹ́ta pẹ̀lú ti Windows àti ti Linux lórí rẹ̀. Kí gbogbo mod, àfikún tí àwọn ẹlòmíì ṣe sí géèmù, wà ní pípa, títí kan èyí tó kàn ń yí ojú ìwòran padà, torí àwọn kan lára wọn ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ adíje ló yẹ kó ṣe é.

Adájọ́ Ẹdẹ

Ètò ìjà tí mo dábàá: àwòrán ilẹ̀ Mainland, Small, ohun ìní ìbẹ̀rẹ̀ Low, tó jẹ́ 300 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 150, Treasures (ìṣúra tó wà nílẹ̀) kúrò, Cheats (ọ̀nà ìrẹ́jẹ) kúrò, ìyára 1. Ẹ má lo àwòrán ilẹ̀ olómi. Ọkọ̀ ojú omi ń fa ìjà gùn, ìṣẹ́jú 45 kò ní tó.

Fún yíyan orílẹ̀-èdè: kí oníkálukú kọ tirẹ̀ sí ìwé, kí ó fún adájọ́, kí a tó ṣí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á jókòó máa wo ara wọn lójú, ẹni tí ọ̀tá bá mú Kushites á fẹ́ yí tirẹ̀ padà. Nínú ìjà ẹlẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó pàdánù á yàn lẹ́yìn ẹni tó borí.

Jíjá: bí ó bá ṣẹlẹ̀ kí ìṣẹ́jú 5 tó pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kan náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, kí ẹni tó kù dá ìjà dúró, kí ẹni tó já padà wọlé. Ìṣẹ́jú 10 ni gbèdéke. Bí Host bá kú tí ìjà sì parí, adájọ́ á wo àtúnwò. Bí ẹnì kan bá ti wó ibùdó ńlá ẹnì kejì tàbí ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, òun ló borí. Bí kò bá hàn gbangba, ẹ tún un jà. Bí géèmù bá sọ pé Out of Sync, ẹ̀rọ méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan mọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tẹ̀síwájú, torí ohun tí ẹnì kan ń rí kọ́ ni ẹnì kejì ń rí.

Ìdádúró: ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 3, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Pípẹ́: ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí a pè é, ó ti pàdánù. Bí ìṣẹ́jú 45 bá pé, ẹni tí àpapọ̀ àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí.

Kúṣì

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ àpapọ̀ àmì. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Economy, Military àti Exploration. Ti Economy jẹ́ ohun ìní tí èèyàn kó jọ, tí a pín sí 10. Ẹni tó bá mọ odi yí ìlú rẹ̀ ká, tó ń gé igi, tó sì ń wa irin láìjáde, òun ni àmì rẹ̀ á ga jù. Gbogbo ènìyàn á ti mọ èyí ní ìjókòó kejì, ìjà á sì di ti àwọn tó sá pamọ́. Ẹ lo àmì Military nìkan. Iye ohun tí ọwọ́ ẹni náà pa tàbí wó lára ọ̀tá ló ń kà, yálà ní ìlú tirẹ̀ tàbí ní ìlú ọ̀tá.

Adájọ́ Ẹdẹ

Òótọ́ ni, ó dára bẹ́ẹ̀. Military ni ká lò, ká sì kà á sétí gbogbo adíje kí ìjà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 45, adájọ́ á dá ìjà dúró, àwọn méjèèjì á jáde papọ̀, ojú ìwé àbọ̀ á ṣí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Nínú àṣekágbá, kò sí gbèdéke. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á parí. Bí ẹ̀rù ilẹ̀ ṣíṣú bá ń bà yín, ẹ fi Wonder kún ọ̀nà ìṣẹ́gun, pé ẹni tó bá kọ́ ilé ìyanu tó sì dáàbò bò ó títí àkókò rẹ̀ á fi pé ló borí. Ìyẹn á fa ẹni tó sá pamọ́ síta.

Ènìyàn 5 ló kéré jù: adájọ́ àgbà kan, adájọ́ tábìlì méjì, akọ̀wé kan, àti ẹnì kan fún wáyà àti iná. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó gbọdọ̀ díje. Akọ̀wé á fi páálí ńlá kọ àbájáde sí ògiri pẹ̀lú bírò alámì tó nípọn, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á láti ẹnu ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́ Onípátákó

Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o! Ẹ jẹ́ ká sọ ti òǹwòran. Nídìí ọpọ́n ayò, ẹni tó ń wòran lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, nítorí gbogbo ọmọ ayò wà lójú ọpọ́n. Nínú géèmù yìí, òkùnkùn bo ilẹ̀ ọ̀tá, ariwo kan ṣoṣo láti ẹ̀yìn ti tó láti sọ fún adíje pé wọ́n ń bọ̀ láti ìhà àríwá. Nítorí náà pírójẹ́kítọ̀ kò gbọdọ̀ fi ìjà tó ń lọ lọ́wọ́ hàn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn adíje.

Ọ̀nà tó dára jù fún ọ̀wọ́ ni àtúnwò. Géèmù ń tọ́jú gbogbo ìjà fúnra rẹ̀ sínú àpò tí ń jẹ́ replays, tó wà nínú My Games lábẹ́ Documents lórí Windows. Bí ìjà bá ti parí, ẹ dà á sórí fúláàṣì, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà pírójẹ́kítọ̀, kí olùsọ̀rọ̀ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ó lè sáré kọjá àwọn ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí kò sí ogun, ṣùgbọ́n kò lè padà sẹ́yìn, torí náà kí ó ṣọ́ra kó tó tẹ ìyára. Inú mi dùn sí ọ̀nà yìí gan-an, nítorí àwọn ọmọ tó ń wòran máa ń kọ́ ohun púpọ̀ nígbà tí olùsọ̀rọ̀ bá ti mọ bí ìjà ṣe parí, tó sì lè tọ́ka sí ibi tí ìṣubú ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣekágbá ni kí ẹ fi hàn lójúkojú. Ẹ gbé àwọn méjèèjì lọ sí yàrá kejì pẹ̀lú wáyà gígùn méjì, kí adájọ́ kan wà pẹ̀lú wọn, kí fóònù wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà pírójẹ́kítọ̀ á wọlé gẹ́gẹ́ bí òǹwòran; kí ó jẹ́ èyí tó lágbára jù níbẹ̀. Àwọn tó ń jà fún ipò kẹta, ẹ fún wọn ní hẹ́dífóònù tó bo etí, kí ẹ kọ ẹ̀yìn wọn sí ògiri pírójẹ́kítọ̀.

Oníṣirò Ìgbọ̀nà

Kí n fi ti ọjọ́ àti owó kún un. Ẹ yẹra fún oṣù August nígbà ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Àlejò á kún ìlú, ọkọ̀ á wọ́n, ilé ìtura á kún. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò UNIOSUN, nítorí ìdajì adíje yín ló wà níbẹ̀. Sátidé dára, àmọ́ ọjọ́ àríyá ni: ẹ lọ wo bí gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yín kí ẹ tó sanwó. Ní àsìkò òjò, òrùlé páànù tí kò ní àjà lábẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ olùsọ̀rọ̀.

Owó ìforúkọsílẹ̀, ẹ gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Orúkọ tí kò bá sanwó, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọ̀kan rọ́pò rẹ̀ lára ẹni 4 tí ẹ máa kọ orúkọ wọn sí àpamọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó epo, wáyà àti oúnjẹ, kí ẹ tó kéde ẹ̀bùn. Èyí tó kù, ìdá 50 fún ẹni kìíní, 30 fún ẹni kejì, 20 fún ẹni kẹta. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, kí òbí wọn fọwọ́ sí ìwé, kí nọ́ńbà òbí náà sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Kò sí oúnjẹ lórí tábìlì, kò sí omi inú ọ̀rá pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá fi eyín ya á, tí ó sì gbé e kalẹ̀, kò sí ọ̀nà tó lè gbà dé e padà. Omi inú ìgò, kí ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀.

Ọmọ Òbòkun

Ẹ jọ̀ọ́, Linux ni mo ń lò, orí ètò rẹ̀ ni mo ti gba géèmù náà. Ṣé ó máa bá ti àwọn oní-Windows lọ?

Kúṣì

Ó lè bá a lọ bí ẹ̀yà rẹ̀ bá dọ́gba. Èyí tí ètò Linux máa ń gbé fún èèyàn sábà máa ń pẹ́ lẹ́yìn. Ṣí géèmù, wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí Akin. Bí ó bá yàtọ̀ sí ti orí fúláàṣì, yọ ọ́, kí o fi ti fúláàṣì sí i ní ilé, má dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà. Fáìlì user.cfg rẹ ni bọ́tìnì tó o ti yàn wà nínú rẹ̀. Dà á sí ibòmíì kí o tó yọ ohunkóhun. Kí àwọn tó máa lo kọ̀ǹpútà yàrá náà mú tiwọn dání lórí fúláàṣì, pẹ̀lú máòsì tiwọn.

Akin Òkè-Fìà

Mo ti rí gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo máa fi fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ síbí lálẹ́ òní: irú ẹ̀rọ, bátìrì, ojú wáyà tàbí USB, nọ́ńbà ẹ̀yà géèmù, àti ìlú tí èèyàn ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Wáyà Tààrà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yá ẹ̀rọ àyẹ̀wò wáyà yín?

Wáyà Tààrà

O lè wá mú un. Mú wáyà náà wá pẹ̀lú, ká jọ fi orí sí i níbí.